Kò Sí Àjẹ́ Nínú Fọ́ọ̀mù Kọ́ọ̀sì

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan gbé ìgò òróró wọ ọ́fíìsì mi. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta irú rẹ̀ rèé ní sáà ẹ̀kọ́ yìí nìkan. Ọmọ rẹ̀ ti wà ní ọdún kẹfà nínú ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́rin, wòlíì sì ti rí i lójú ìran pé ẹnì kan nínú ẹbí bàbá ọmọ ló so ìwé ẹ̀rí rẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀pẹ. Mo ní, "Màmá, ẹ jókòó ná. Fọ́ọ̀mù kọ́ọ̀sì ọdún kìíní ọmọ yín dà?" Ìyá wo ọmọ, ọmọ wo ilẹ̀. Kò ní in lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ fojú kàn án rí láti ọjọ́ tó ti san owó fún ọmọ kàfé kan níwájú géètì pé kó bá òun fi orúkọ kọ́ọ̀sì sílẹ̀.

Ó ti tó ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń ṣe adífáísà, ìyẹn olùkọ́ tó ń tọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà lórí kọ́ọ̀sì wọn, ní yunifásítì ìjọba, mo sì ṣe ọ̀gá ìdánwò ẹ̀ka wa fún ọdún mẹ́fà nínú rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé gbogbo ayé ló ń ka iye ọmọ tó wọlé, kò sẹ́ni tó ń bèèrè iye tó jáde. Lọ́jọ́ ìgbàwọlé, gbọ̀ngàn á kún, àwọn jámbáìtì á wọ gáùn tó gùn jù wọ́n lọ, wọ́n á ya fọ́tò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè, ìwé ìròyìn á kéde iye ẹni tó gba ipò kìíní. Àwọn tí wọ́n jọ wọlé tí wọn ò sí lórí ìlà ńkọ́? Ẹ ò ní gbúròó wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe olódo. Mo ti rí èyí tí máàkì JAMB rẹ̀ ń dẹ́rù bani tó kó sẹ́yìn, mo sì ti rí èyí tó rá pálá wọlé tó jáde pẹ̀lú ipò kejì òkè. Ọdún kìíní ló ń yà wọ́n nípá, kì í ṣe ọpọlọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn òbí á ní ìṣirò ò kan àwọn. Ẹ̀yin gan-an ló kàn.

Yúníìtì la fi ń wọn bí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó. Ká ní ọmọ kan gba yúníìtì 20 ní sẹ̀mẹ́sítà. Ó gba C nínú 15, ó gbé F nínú 5. Póìntì 3 ni C, 15 lọ́nà 3 sì jẹ́ 45. F ò ní nǹkan kan. Ẹ pín 45 sí ọ̀nà 20, 2.25 lẹ máa bá níbẹ̀. Ipò kẹta nìyẹn, bẹ́ẹ̀ kò sí kọ́ọ̀sì kan tó yege nínú rẹ̀ tí kò gba C. Bó bá délé, á sọ fún bàbá rẹ̀ pé, "Dádì, méjì péré ni mo gbé." Méjì péré!

Ó wá fẹ́ jáde pẹ̀lú ipò kejì òkè, ìyẹn 3.50, gbogbo ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ yúníìtì 160. Bí 2.25 yẹn bá bá a parí ọdún kìíní kó tó jí, 3.92 ni kó máa gbà láti ìgbà náà lọ. Ó le, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá fìdí jókòó á ṣe é. Bó bá di ìparí ọdún kejì kó tó jí, ó di 4.75, A ni kó máa gbà bí ẹni ń mumi. Bó bá wá di ìparí ọdún kẹta kó tó rántí pé ìwé lòun wá kà, 7.25 ni. Bẹ́ẹ̀ 5.00 ni òpin ìwọ̀n wa. Kò sí wòlíì tó lè gbààwẹ̀ dé 7.25. Mi ò sì tí ì ka kariófà, ìyẹn kọ́ọ̀sì tó gbé tó gbọ́dọ̀ tún kọ, mọ́ ọn o, nítorí lọ́dọ̀ tiwa, F tẹ́ ẹ gbé kì í kúrò níbẹ̀; bẹ́ ẹ bá tún kọ́ọ̀sì náà kọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n máa ka yúníìtì rẹ̀.

Kariófà fúnra rẹ̀ tún ní ìyà tirẹ̀ tí àwọn ọmọ kì í rí títí á fi bá wọn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún là ń kọ́ ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì. Bó o bá gbé e ní sẹ̀mẹ́sítà kìíní, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọdún tó ń bọ̀ náà ńkọ́? Wákàtí tí wọ́n ń kọ́ ọ ni olùkọ́ ọdún kejì rẹ ń kọ́ tirẹ̀ nínú gbọ̀ngàn mìíràn. O ò lè pín ara rẹ sí méjì, a sì ń bèèrè pé kó o wá sí kíláàsì ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún kó o tó jókòó ṣe ìdánwò. Àwọn kọ́ọ̀sì kan tún jẹ́ àkàsọ̀: bó ò bá tí ì gun ti ìsàlẹ̀, o ò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kan ti òkè. Yúníìtì 24 sì ni òpin ohun tó o lè gbà ní sẹ̀mẹ́sítà kan. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ọdún iwájú ló ń dúró dè ọ́.

Mo máa ń pe ọmọ kan ní Ṣeun bí mo bá ń sọ ìtàn yìí fún àwọn jámbáìtì. Orúkọ rẹ̀ kọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi wọlé ní 2016, lẹ́yìn tó ti bá JAMB wọ̀yá ìjà fún ọdún bíi mélòó kan. Ọmọ dáadáa ni, kì í pariwo, 3.41 ló ní nígbà tó parí ọdún kẹrin ní 2021. Nígbà tí mò ń to orúkọ àwọn tí a máa gbé lọ síwájú Sẹ́nétì yunifásítì, mo rí i pé GST kan, ìyẹn kọ́ọ̀sì gbogboogbò tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe, ṣófo nínú fáìlì rẹ̀, GST oníyúníìtì méjì ti sẹ̀mẹ́sítà kejì ọdún kìíní. Mo pè é. Ó ní òun kọ ìdánwò náà, òun sì ṣe dáadáa. Òótọ́ ni. Mo lọ tú ìwé máàkì àtijọ́, mo bá 61 níwájú nọ́ńbà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fi orúkọ kọ́ọ̀sì náà sílẹ̀. Ọmọ kàfé gbàgbé láti tẹ̀ ẹ́, òun náà ò sì yẹ fọ́ọ̀mù wò kó tó fọwọ́ sí i. Máàkì tí kò ní fọ́ọ̀mù kò ní ilé. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ọmọ yìí fi ń rí i pé èsì náà kò jáde, ó sì gbà pé olùkọ́ kan ló jókòó lé e. Ohun tó sọ fún ìyá rẹ̀ nìyẹn. Ìyá gbé e lọ sórí òkè àdúrà, ó gbààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún, ó ta ọ̀kan nínú ẹ̀rọ ìlọta méjì tó fi ń jẹun kó lè rówó ètùtù san.

Ọ́fíìsì mi kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ sí yàrá ọmọ náà.

Àfi kó dúró de sẹ̀mẹ́sítà kejì tó ń bọ̀. Kí sẹ̀mẹ́sítà yẹn tó wọlé, ASUU, ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ yunifásítì, dáṣẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022, ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá la tó padà. Oṣù mẹ́jọ. 2023 ló gboyè, ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ẹ sì mọ òfin NYSC: ẹni tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó gboyè, ìwé ìdásílẹ̀ ni wọ́n ń fún un, kò ní wọ kákí. Ọmọ yìí ti ra bàtà funfun pamọ́ láti ọdún kejì. Yúníìtì méjì o.

Nígbà tí mo bá wá gbọ́ tí àwọn stálàìtì, ìyẹn àwọn tó ti pẹ́ nílé-ẹ̀kọ́, ń sọ fún àwọn àbúrò wọn pé GST kì í ṣe kọ́ọ̀sì gidi, ó máa ń ṣe mí bíi kí n fi igi lé wọn. Sẹ́nétì ò mọ èyí tó jẹ́ gidi. Ó pé tàbí kò pé, ìyẹn nìkan ló mọ̀.

Àwọn tó ń ta ìsọ̀yè náà ò gbẹ́yìn. Mi ò bá ẹni tó gbà á gbọ́ jà. Bàbá tó bí mi lọ́mọ náà mọ ewé. Ṣùgbọ́n bí ìsọ̀yè bá tilẹ̀ jẹ́ bí iná, kò lè bá ọ tẹ kọ́ọ̀sì sórí pọ́tàlì. Èyí tó burú jù lọ ni àwọn tó ń gbówó pé àwọn á "sọ́ọ̀tì" rẹ̀. Wọ́n á ní àwọn mọ ẹnì kan ní ọ́fíìsì ìdánwò. Èmi ni ẹnì kan náà o! Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gba owó lọ́wọ́ ọmọ lórúkọ mi, tí mo sì jókòó síbí láìmọ nǹkan kan. Ẹni tí wọ́n bá yí máàkì fún, tí àyẹ̀wò wá bá a lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ni wọ́n máa gbà padà. Ẹni tó gbowó á ti para dà.

Yunifásítì ìjọba kan wà ní Atlanta lọ́hùn-ún, Georgia State lorúkọ rẹ̀. Ní 2003, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó bá wọlé, 32 ló ń gboyè láàárín ọdún mẹ́fà. Nígbà tó fi máa di 2014, ó ti di 54. Wọn ò kọ́ ilé àdúrà sínú ọgbà. Adífáísà ni wọ́n gbà sí i, wọ́n sì ní kí kọ̀ǹpútà máa yẹ fáìlì ọmọ kọ̀ọ̀kan wò lójoojúmọ́. Bí ọmọ bá mú kọ́ọ̀sì tí kò bá ẹ̀ka rẹ̀ mu, wọ́n á pè é kó tó pẹ́ jù. Láti 2011, wọ́n tún ń bá àwọn tí gbèsè owó ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ń lé lọ san án. Èmi nìkan ni mò ń mójú tó ọmọ tó lé ní igba, kọ̀ǹpútà kan ni mo ní, bí iná bá lọ, ó ti kú nìyẹn. Síbẹ̀ ẹ ò lè sọ pé mi ò sí ní ìdí ìjókòó mi.

Ọ̀rọ̀ owó, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀, àwọn mìíràn ń kọ ọ́ dáadáa. NELFUND ti ń yá ọmọ lówó láti 2024, kò sí èlé. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ tààrà sí àpò yunifásítì, 20,000 náírà sì ń bọ́ sọ́wọ́ ọmọ lóṣù fún oúnjẹ. Ẹ lọ gbà á. Bówó bá wá tán pátápátá, tàbí àìsàn dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá. Ẹ kọ lẹ́tà ìsinmi ẹ̀kọ́ kí ìdánwò tó dé. Bó bá jẹ́ àìsàn, ẹ gba ìwé dókítà ilé ìwòsàn yunifásítì mọ́ ọn. Ọmọ tó kọ lẹ́tà á padà wá bá àyè rẹ̀. Ọmọ tó kàn pòórá, F ni wọ́n ń kọ sí gbogbo kọ́ọ̀sì rẹ̀, bó sì bá di ìgbà kejì, ìwé lílé ló ń tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ n padà sórí ìyá olóróró. A ṣí pọ́tàlì. Kọ́ọ̀sì mẹ́ta ló kù sọ́rùn ọmọ náà, méjì ní sẹ̀mẹ́sítà yìí, ọ̀kan ní èyí tó ń bọ̀. Ọdún kẹfà sì ni òpin fún ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́rin, kò sí ọdún keje. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ti ìforúkọsílẹ̀. Mo jẹ́ kó jókòó síwájú mi, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ kọ́ọ̀sì méjèèjì, a tẹ fọ́ọ̀mù jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo fọwọ́ sí i, mo ní kó fi ọ̀kan sọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Màmá ká a, ó fi sínú báàgì. Ó wá ní, "Dókítà, ṣé mo ṣì lè ta òróró yìí sílẹ̀ díẹ̀?" Mo ní kó ta á sórí ọmọ rẹ̀ bó bá wù ú, kó má ṣáà kan kọ̀ǹpútà mi.