Sleeve àbí bypass: bí wọ́n ṣe ń yan iṣẹ́ abẹ ìsanra tó bá ara mu

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́kọ́ bi dókítà ni pé, nínú àwọn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó sanra jù, èwo ló ń mú kéèyàn fọn jù. Wọ́n ti rí ẹnì kan ní Sábó tàbí ní Ìgbógbò ní Ìkòròdú tí ara rẹ̀ ti fúyẹ́, ohun tí wọ́n ṣe fún un náà ni wọ́n ń fẹ́. Oníṣẹ́ abẹ tó mọṣẹ́ kì í tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wádìí ni bóyá omi kíkan máa ń rú wá sí ẹni náà lọ́fun, bóyá ó ní ìtọ̀ ṣúgà, irú oògùn tó ń lò, àti bóyá yóò lè máa lo fítámì lójoojúmọ́ títí ayé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ èyí tó tọ́ sí i, bóyá sleeve, tí wọ́n fi ń gé àpòlúkù kéré, tàbí bypass, tó ń mú kí oúnjẹ fo apá kan ìfun kọjá.

Wọ́n á kọ́kọ́ wọn èèyàn ná. Wọ́n á fi gígùn ẹni náà ní mítà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, wọ́n á wá fi ohun tó bá jáde pín ìwọ̀n rẹ̀ ní kílò. Ká ní obìnrin kan ga ní mítà 1.60, ó sì wọn kílò 110: 1.60 lọ́nà 1.60 jẹ́ 2.56, bí a bá fi 2.56 pín 110, ó di 43. Iye yìí ni wọ́n ń pè ní BMI. Ìlànà tí àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ abẹ ìsanra lágbàáyé gbé jáde ní 2022 sọ pé ẹni tí tirẹ̀ bá tó 35 lè ṣe é bí kò tiẹ̀ sí àìsàn kankan lára rẹ̀. Ẹni tó bá wà láàárín 30 sí 35 náà lè ṣe é bí ìtọ̀ ṣúgà tàbí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ bá ń bá a jà. Ẹni tí BMI rẹ̀ jẹ́ 28, tó kàn fẹ́ kí aṣọ ẹbí gún lára òun, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Dókítà tó bá gbà láti ṣe é fún un kò ṣe é lóore.

Sleeve ni wọ́n ń ṣe jù lágbàáyé báyìí. Àpòlúkù àgbàlagbà lè gba nǹkan bíi lítà kan sí lítà kan àbọ̀, ìyẹn ọ̀rá pọ́ọ̀ wọ́tà méjì sí mẹ́ta. Dókítà á dá ihò kéékèèké mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ikùn, á ti kámẹ́rà bọ ọ̀kan, á sì ti rọ́bà kan tó nípọn bíi mìlímítà 12 gba ẹnu wọ inú àpòlúkù láti fi ṣe òdiwọ̀n. Ẹ̀gbẹ́ rọ́bà yìí ni ẹ̀rọ tó ń gé ẹran tó sì ń kàn án pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà máa gbà. Bí a bá dá àpòlúkù sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, 75 sí 80 ni wọ́n ń gé kúrò. Ohun tó kù á rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí apá bùbá, ibẹ̀ sì ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Kì í gbà ju nǹkan bíi mìlílítà 150 lọ. Apá tí wọ́n gé yẹn náà ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú ghrelin, èròjà tó ń jẹ́ kí ebi máa pa èèyàn, nítorí náà ebi fúnra rẹ̀ máa ń dín kù. Wọn ò fọwọ́ kan ìfun rárá, oúnjẹ ṣì ń gba ọ̀nà tó ń gbà tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ohun tí wọ́n bá ti gé, ó lọ nìyẹn.

Omi kíkan ni ìṣòro sleeve. Àpòlúkù tó ti di tẹ́ẹ́rẹ́ kò ráyè fẹ̀, ohun tó wà nínú rẹ̀ á máa wá ọ̀nà òkè. Nínú ìwádìí ọlọ́dún márùn-ún kan tí wọ́n ṣe ní Switzerland, wọ́n wo àwọn tí omi kíkan ti ń yọ lẹ́nu tẹ́lẹ̀: nínú ọgọ́rùn-ún tó ṣe sleeve, ó le sí i fún nǹkan bíi 32, nínú ọgọ́rùn-ún tó ṣe bypass, nǹkan bíi 6 péré. Ẹni tó ń ka ìrọ̀rí mẹ́ta léra kó tó lè sùn nítorí àyà tó ń ta á, tàbí tí kámẹ́rà tí wọ́n ti gba ẹnu wọlé ti fi hàn pé omi kíkan ti ń jẹ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, kò yẹ kó gba sleeve, bó ti wù kí owó rẹ̀ dín tó.

Bypass díjú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á ya apá òkè àpòlúkù sọ́tọ̀, á kéré débi pé mìlílítà 30, ìyẹn síbí ìjẹun ńlá méjì, ló máa kún un. Wọ́n á gé ìfun kékeré ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 50 sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fa ẹnu ìsàlẹ̀ rẹ̀ wá so mọ́ àpò kékeré yẹn, wọ́n á sì so ẹnu òkè rẹ̀ padà mọ́ ìfun ní sẹ̀ǹtímítà 100 sí 150 nísàlẹ̀. Oúnjẹ á máa gba ọ̀nà tirẹ̀, òróòro àti omi tó ń lọ oúnjẹ á gba ọ̀nà tiwọn, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdé, bí ọkọ̀ Ìgbógbò àti ọkọ̀ Agbówá ṣe ń pàdé ní Ìkòròdú kí wọ́n tó jọ forí lé Mile 12. Àpòlúkù àtijọ́ ṣì wà nínú ikùn, kò sí ohun tí wọ́n gé sọnù.

Ètò yìí ló jẹ́ kó dáa fún ìtọ̀ ṣúgà. Oúnjẹ tètè ń dé ìsàlẹ̀ ìfun, ìfun á sì da GLP-1 sínú ẹ̀jẹ̀ lọ́pọ̀, èròjà kan náà tí àwọn abẹ́rẹ́ ìsanra tó lóde báyìí ń fara wé. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ lè wálẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí ara tó fọn rárá. Nítorí náà, ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà bíi glibenclamide tàbí insulin gbọ́dọ̀ ní dókítà tó máa bá a dín in kù kó tó kúrò ní ilé ìwòsàn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ kó sì dákú. Ní ti fífọn, ìwádìí kan ní Finland tó kó èèyàn 240 fi hàn pé lẹ́yìn ọdún márùn-ún, àwọn tó ṣe bypass ti sọ ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún àpọ̀jù ìwọ̀n wọn nù, àwọn tó ṣe sleeve sọ 49 nù. Ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí èèyàn lè torí rẹ̀ nìkan yàn.

Ibi ìsopọ̀ òkè nínú bypass lè di ọgbẹ́. Sìgá máa ń fà á, bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn ìrora bí ibuprofen, diclofenac àti Alábùkún, tí aspirin wà nínú rẹ̀. Ẹni tí orúnkún ń dùn débi pé kò lè ṣe ọjọ́ mẹ́ta láìrà wọ́n ní kẹ́míìsì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta, sleeve ló sábà máa ń bá irú wọn mu. Èyí tó tún burú ni ti àlàfo. Bí wọ́n ṣe tún ìfun tò, àlàfo máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n máa ń rán an pa, síbẹ̀ bí ọ̀rá inú ikùn bá ṣe ń yọ́, ó lè ṣí, kí ìfun kó sí i kó sì lọ́, lẹ́yìn oṣù púpọ̀ tàbí ọdún pàápàá. Bí inú bá dédé ń run ẹni tó ti ṣe bypass, tó sì le, ẹ má pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ má gbé àgbo fún un. Ilé ìwòsàn tó lè ya àwòrán CT, tí oníṣẹ́ abẹ sì wà níbẹ̀, ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Ohun kan tí àwọn obìnrin kì í rántí sọ ni nǹkan oṣù. Apá ìfun tí bypass ń fò kọjá gan-an ni ara ti ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú irin inú oúnjẹ. Obìnrin tó ní fibroid, tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń ya, tí PCV rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ara, jẹ́ 27 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á tún lọ sílẹ̀ sí i. Kí wọ́n tọ́jú fibroid náà ná, tàbí kí wọ́n ro ti sleeve. Obìnrin kò tún gbọ́dọ̀ lóyún títí oṣù 12 sí 18 yóò fi kọjá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kò sì yẹ kí ẹni tó ṣe bypass gbára lé oògùn oníhóró láti fi dènà oyún.

Àwọn yòókù kò gba àlàyé púpọ̀. Bypass olójú kan, tí wọ́n ń so ìfun níbì kan ṣoṣo, máa ń yá ju olójú méjì tí a ti sọ lọ, àmọ́ òróòro lè máa rú sókè. Duodenal switch, tí wọ́n ń ṣe sleeve tí wọ́n sì tún ń fo èyí tó pọ̀ nínú ìfun kékeré, ló ń mú èèyàn fọn jù, òun náà ló sì ń fa àìtó èròjà ara jù. Ẹni tí kò lè máa ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ déédéé kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Òrùka rọ́bà tí wọ́n ń fi fún àpòlúkù lọ́rùn ti ń kúrò nílẹ̀ nítorí ó ń yẹ̀, ó ń jẹ inú, ọ̀pọ̀ ló sì padà lọ yọ ọ́. Bàlúù tí wọ́n ń fi omi iyọ̀ kún nínú àpòlúkù kì í ṣe iṣẹ́ abẹ. Oṣù mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń lò, ara sì sábà máa ń padà lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́.

Èyí tó wù kí wọ́n yàn, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo àpòlúkù, kí wọ́n sì wá kòkòrò H. pylori, tó wọ́pọ̀ gan-an nílẹ̀ wa, kí wọ́n pa á. Lẹ́yìn bypass, kámẹ́rà lásán kò lè dé àpòlúkù àtijọ́ mọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú iṣẹ́ abẹ, wọ́n á dín oúnjẹ kù gidigidi kí ẹ̀dọ̀ lè sún kì, nítorí ẹ̀dọ̀ tó wú ló ń bo ibi tí dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, púrótíìnì gíráàmù 60 sí 80 lójúmọ́ ni ara ń bèèrè. Ẹja inú ọ̀sà wà ní Ìkòròdú: gíráàmù 100 ẹja ní nǹkan bíi 20, ẹyin kan ní 6. Ẹja ni kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ kí ìkòkòrẹ́ tó tẹ̀ lé e. Ògì tí ṣúgà pọ̀ nínú rẹ̀ lè mú kí àyà ẹni tó ṣe bypass máa lù kìkì, kí òógùn bò ó, kí inú sì ṣí. Ẹ̀bà àti iyán lè há, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fi omi tì í. Ó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ kí wọ́n tó mu omi. Fítámì B12, irin, fítámì D àti kálísíọ̀mù mìlígíráàmù 1,200 sí 1,500 kò ní dáwọ́ dúró. Irin àti kálísíọ̀mù kì í jọ wọlé, wákàtí méjì ni kó wà láàárín wọn. Ẹni tí kò bá ti ṣírò owó oògùn yìí mọ́ owó iṣẹ́ abẹ kò tíì ṣírò tán.

Ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ ni ojú ibi tí wọ́n kàn pọ̀ ti sábà máa ń jò. Bí ọkàn bá ń lù ju 120 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tí ibà bá dé, tí èjìká òsì ń dun èèyàn tàbí tí èémí kò délẹ̀, kò sí ìgbà tí a fẹ́ dúró de kí ọ̀nà Mile 12 tú. Ẹni tó bá ṣe é ní Ìkejà tàbí ní Erékùṣù, kó wá ibi sùn sí nítòsí ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Ẹni tó bá lọ ṣe é ní Íńdíà tàbí Tọ́kì gbọ́dọ̀ ti bá oníṣẹ́ abẹ kan nílé sọ̀rọ̀ kó tó wọkọ̀ òfuurufú. Kí wọ́n sì gba ìwé iṣẹ́ abẹ náà lọ́wọ́ dókítà: irú èyí tí wọ́n ṣe, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, iye sẹ̀ǹtímítà ìfun tí wọ́n fò, àti bóyá wọ́n rán àlàfo pa. Kí ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú fóònù, kí òmíràn sì wà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jọ ń gbélé.