Ọmọ Omi Ni Fílítà Haidirọ́líìkì

Fílítà haidirọ́líìkì ni asẹ́ tó ń mú ìdọ̀tí kúrò nínú ọ́ìlì tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ láti fi ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá bi àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ léèrè ibi tó ti ṣẹ̀ wá, èsì tó máa ń yá wọn lẹ́nu ni pé ara ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ló ti wá, pé fílítà ọ́ìlì ọkọ̀ ti ọdún 1923 ló bí gbogbo wọn. Èsì yẹn kò tọ̀nà. Omi ló bí fílítà haidirọ́líìkì. Ọ́ìlì kàn gbà á tọ́ ni.

Orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́rìí sí i. Inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ni “haidirọ́líìkì” ti jáde: hydor, tó jẹ́ omi, àti aulos, tó jẹ́ fèrè. Hydraulis ni wọ́n ń pe dùùrù tí Ctesibius ará Alẹkisáńdíríà ṣe ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi, èyí tí omi ń ti afẹ́fẹ́ sínú àwọn fèrè rẹ̀. Ctesibius yìí náà ni wọ́n ń kà sí ẹni tó ṣe pọ́ǹpù onípístìn. Ọ̀rọ̀ kejì, “fílítà”, wá láti ara filtrum, orúkọ tí èdè Látìn ń pe irun àgùntàn tí wọ́n tẹ̀ mọ́ra títí ó fi ki bí aṣọ. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń sẹ́ ohun olómi. Èdè Yorùbá náà ò gbẹ́yìn níbí: ohun gbígbẹ là ń jọ̀, ohun olómi là ń sẹ́. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ojú ihò nìkan ni ajọ̀ fi ń ṣiṣẹ́, ohun tó bá ju ihò lọ kò ní kọjá. Aṣọ tó ki, ní tirẹ̀, máa ń mú ìdọ̀tí lójú, á sì tún mú un nínú, torí ọ̀nà inú rẹ̀ wọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Bí fílítà haidirọ́líìkì òde òní ṣe ń mú ìdọ̀tí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Asẹ́ ni, kì í ṣe ajọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ro ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù Ctesibius yẹn dáadáa. Pístìn tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú sílíńdà gbọ́dọ̀ há díẹ̀ kó tó lè ti omi. Bí iyanrìn bá wọ àárín àwọn méjèèjì, yóò ha wọ́n. Àwọn ará Róòmù, tí wọ́n lo irú pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀, ń kọ́ ìkùdù sójú ọ̀nà omi wọn kí ẹrẹ̀ lè rọ̀ sílẹ̀. Piscina limaria ni wọ́n ń pè é. Ó dá mi lójú pé ẹni tó mọ̀ pé omi gbọ́dọ̀ sinmi kó tó wọ ìlú kò ní jẹ́ kí ẹrẹ̀ wọ pọ́ǹpù rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo gbà pé òye náà ti hù.

Òye ni o, kò tíì di ẹ̀yà ara ẹ̀rọ. Ní 1663 ni wọ́n tẹ ìwé Blaise Pascal, onímọ̀ ará Faransé, jáde, èyí tó fi hàn pé bí a bá tẹ omi tó wà ní àhámọ́, ìtẹ̀ náà á dé ibi gbogbo bákan náà. Ní 1795, Joseph Bramah gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀ olómi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Omi ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pístìn rẹ̀, àfi ìgbà tí Henry Maudslay tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi awọ tó rí bí ife sí i: bí omi ṣe ń le sí i ni awọ náà ń lẹ̀ mọ́ pístìn sí i. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ẹyọ iyanrìn kan lè ṣe níbẹ̀. Ó há sára awọ. Pístìn gòkè, ó fa ilà kan tín-ín-rín sára irin. Pístìn sọ̀ kalẹ̀, ilà jìn sí i. Omi gba ojú ilà náà, ó ń gbẹ́ ẹ bó ṣe ń kọjá, ìtẹ̀ sì ń já wálẹ̀. Títí di òní, bí síìlì, ìyẹn ohun tó ń dí ẹ̀gbẹ́ pístìn kí ó má baà jò, ṣe ń kú nìyẹn.

William Armstrong ṣe kíréènì olómi ní 1846. Ní 1883, London Hydraulic Power Company bẹ̀rẹ̀ sí í ta agbára omi fún gbogbo ìlú Lọ́ńdọ̀nù nínú páìpù abẹ́ ilẹ̀, ìwọ̀n ìtẹ̀ rẹ̀ sì tó nǹkan bí 800 psi, ìyẹn bar 55. Lára omi odò Thames ni wọ́n ń lò, odò tó kún fún ẹrẹ̀. Wọ́n á jẹ́ kí omi rọ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ, kí pọ́ǹpù tó gbé e. Kíréènì, ẹ̀rọ agbéniròkè àti aṣọ ìkélé irin ilé eré ló ń mu nínú omi kan náà, títí wọ́n fi pa á tì ní 1977. Ibí yìí ni mo fi ọ̀pá ìbí fílítà gún sí: asẹ́ kò jẹ́ àfikún mọ́, láìsí i ẹ̀rọ ò ní ṣiṣẹ́.

Ọ́ìlì dé ní 1906, nígbà tí ẹ̀rọ olọ́ìlì tí Janney àti Williams ṣe ń yí ìbọn USS Virginia, ọkọ̀ ogun ojú omi Amẹ́ríkà. Ọ́ìlì ń mú irin yọ̀, kì í jẹ́ kó dípẹtà, nítorí náà àwọn oníṣẹ́ lè jẹ́ kí irin sún mọ́ irin. Nínú pọ́ǹpù oníjíà, àlàfo tó wà láàárín eyín àti ilé lè má ju máíkírọ́ọ̀nù márùn-ún lọ (ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan). Nínú sáfò fáàfù, fáàfù tó ń darí ọ́ìlì ní ìwọ̀n tó péye, ọ̀kan sí mẹ́rin. Irun orí nípọn tó nǹkan bí 70. Ojú lásán kì í rí ohun tó kéré sí 40. Ìdọ̀tí tó ń pa ẹ̀rọ, nígbà náà, ni èyí tí ojú ò rí.

Ti Ernest Sweetland àti Purolator rẹ̀, fílítà ọ́ìlì ọkọ̀ ti 1923 yẹn, ohun rere ni. Ṣùgbọ́n díẹ̀ lára ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló ń sẹ́, lábẹ́ ìtẹ̀ tó kéré. Àbúrò ni, kì í ṣe bàbá.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, David Pall, tó ti ṣe fílítà fún iṣẹ́ Manhattan, ìyẹn iṣẹ́ bọ́ǹbù átọ́míìkì Amẹ́ríkà, dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1946, iṣẹ́ rẹ̀ sì wọ ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oklahoma ló wá mú òṣùwọ̀n Beta jáde: ẹ ka èérún tó wọlé, ẹ fi iye tó jáde pín in. Erùpẹ̀ aṣálẹ̀ Arizona ni wọ́n fi ń dán an wò. Beta 2 ń jẹ́ kí ìdajì kọjá. Beta 75 ń mú 98.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Beta 1000 ń mú 99.9. Páálí tó bá kọ “máíkírọ́ọ̀nù 10” láìsọ Beta rẹ̀ kò tíì sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ISO 4406 dé, òṣùwọ̀n àgbáyé fún bí ọ́ìlì ṣe mọ́ tó, pẹ̀lú nọ́ńbà mẹ́ta bíi 18/16/13 tó jẹ́ àmì fún iye èérún tó wà nínú mílílítà kan, kì í ṣe iye náà fúnra rẹ̀.

Nínú ilé fílítà òde òní, ọ́ìlì ń gba ìta élímẹ́ǹtì, ìyẹn aṣọ tó ń sẹ́ ẹ, wọlé, ó ń gba àárín jáde. Wọ́n ká aṣọ rẹ̀ bíi síkẹ́ẹ̀tì onípílíìtì kó lè fẹ̀ ní àyè kékeré. Fáàfù báípáàsì wà níbẹ̀ tó máa ń ṣí ọ̀nà ẹ̀bùrú bí aṣọ bá dí, kí élímẹ́ǹtì má baà fún pọ̀. Bí ọ́ìlì bá tutù tó ki, fáàfù yìí lè ṣí lórí élímẹ́ǹtì tuntun, ìdọ̀tí á sì kọjá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wo atọ́ka tó ń sọ bí fílítà ṣe dí tó nígbà tí ọ́ìlì bá gbóná. Asẹ́ ẹnu táǹkì, ibi tí pọ́ǹpù ti ń fa ọ́ìlì, burú jù bó bá dí: ebi á máa pa pọ́ǹpù, á máa dún bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo, ìhó tó ń bẹ́ nínú rẹ̀ á sì máa bu irin jẹ.

Tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ sọ ẹrù kalẹ̀, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tú ìtẹ̀ sílẹ̀, ẹ nu ẹ̀yìn ilé fílítà kí ẹ tó ṣí i. Ẹ fi ọ́ìlì mímọ́ pa O-ring tuntun, òrùka rọ́bà tó ń dí ojú ilé fílítà. Ọ́ìlì inú dúróòmù tuntun kì í sábà mọ́ tó fún sáfò fáàfù, nítorí náà ẹ gba inú fílítà dà á.

Ẹ má ju ti àtijọ́ nù. Ẹ fi ọ̀bẹ la aṣọ rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì lé e. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ọn jẹ́ irin jíà tàbí bíárìn. Èyí tó ń dán bí idẹ tí kò lẹ̀ wá láti ara bàtà pístìn pọ́ǹpù. Èérún dúdú tó rọ̀ ni síìlì tó ń já.