Ta ni Bíbélì ń pè ní àlejò? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kìíní 2025, ọjọ́ kejì tí wọ́n búra fún Donald Trump, Bíṣọ́ọ̀bù Mariann Edgar Budde wàásù níṣojú rẹ̀ ní Kàtídírà ìlú Washington. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣàánú àwọn tí ẹ̀rù ń bà pé wọ́n máa lé àwọn kúrò ní Amẹ́ríkà, ó ní Ọlọ́run kọ́ wa láti ṣàánú àlejò. Láti ìgbà náà ni awuyewuye ti gbòde. Àwọn kan ní àlejò tí Bíbélì ń sọ kì í ṣe ẹni tí kò ní pépà. Àwọn kan ní àlejò ni gbogbo àlejò. Tọ̀tún-tòsì ló sì ń tọ́ka sí èdè Hébérù.

Ọ̀rọ̀ mélòó ni Hébérù ní fún àlejò?

Mẹ́rin ló ṣe kókó: ger, toshav, nokri àti zar.

Kí ló wá yà wọ́n sọ́tọ̀?

Ger ni ẹni tó fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀, bóyá ìyàn tàbí ogun ló lé e, tó wá ń gbé láàárín àwọn ẹlòmíràn. Kò ní ilẹ̀ àjogúnbá, kò sì ní mọ̀lẹ́bí tó máa bá a sọ̀rọ̀ lẹ́nu ibodè níbi tí àwọn àgbà ti ń dájọ́. Àlejò lójú ni, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ìdí nìyẹn tí ìwé Diutarónómì fi máa ń ka ger mọ́ aláìníbaba àti opó.

Toshav kò jìnnà sí i: àtìpó ni, ẹni tó fìdí kalẹ̀ sórí ilẹ̀ onílẹ̀. Nígbà tí Sárà kú, Ábúráhámù pe ara rẹ̀ ní ger àti toshav níwájú àwọn ọmọ Hétì (Gẹ́nẹ́sísì 23:4). Ọlọ́rọ̀ ni, ó ní agbo ẹran àti ìránṣẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀. Síbẹ̀, kò ní ibi tó máa sin ìyàwó rẹ̀ sí, àfi ìgbà tó bẹ àwọn onílẹ̀, tó sì wọn 400 ṣékélì fàdákà fún wọn.

Nokri ni ará ilẹ̀ òkèèrè tí gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà lọ́hùn-ún, irú oníṣòwò tó wá tajà tó sì máa padà sílé. Zar ni ẹni tí nǹkan kò tọ́ sí, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ Ísírẹ́lì. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Léfì tó bá sún mọ́ àgọ́ mímọ́, zar ni, ikú sì ni ìyà rẹ̀ (Númérì 1:51). Iná tí Nádábù àti Ábíhù, àwọn ọmọ Áárónì, gbé wá síwájú Ọlọ́run láìjẹ́ pé ó pa á láṣẹ, iná zar ni.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ìyàtọ̀ náà nínú ẹsẹ kan ṣoṣo kó ka Diutarónómì 14:21. Ẹran tó kú fúnra rẹ̀, ọmọ Ísírẹ́lì kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Wọ́n lè fi ta ger lọ́rẹ kó jẹ ẹ́. Nokri ní tirẹ̀, wọ́n lè tà á fún un.

Ṣé òótọ́ ni pé ger ni ẹni tó ní pépà?

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí àwọn tó ń sọ ọ́ fẹ̀yìn tì ni Gẹ́nẹ́sísì 47:4, níbi tí àwọn ọmọ Jákọ́bù ti tọrọ àyè lọ́wọ́ Fáráò kí wọ́n tó jókòó sí Góṣénì. Wọ́n tọrọ àyè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ka òfin Mósè láti òkè dé ilẹ̀, ẹ kò ní rí ibi tó ti ní kí wọ́n bi ger léèrè bó ṣe wọlé kí wọ́n tó fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìdí kan ni òfin ń sọ ṣáá: ẹ̀yin náà ti jẹ́ ger ní Íjíbítì (Ẹ́kísódù 22:21 àti 23:9, Léfítíkù 19:34, Diutarónómì 10:19). Ẹ sì wo bí àyè tí wọ́n gbà yẹn ṣe parí. Ọba mìíràn jẹ tí kò mọ Jósẹ́fù, ó sì sọ àwọn tí wọ́n gbà wọlé tọwọ́tẹsẹ̀ di ẹrú. Ohun tí Ísírẹ́lì ní láti rántí nìyẹn.

Diutarónómì 23:15 sí 16 tún lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹrú tó sá kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ dá a padà, ìlú tó bá wù ú ni kó máa gbé. Ẹsẹ náà kò pè é ní ger, n kò sì ní fi orúkọ yẹn kún un. Ṣùgbọ́n ó dájú pé ẹrú yìí kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó dé.

Nígbà náà, ṣé gbogbo àjèjì ni òfin kà sí ọ̀kan náà?

Rárá o, ibí sì ni apá kejì ti ṣì í. Wọ́n lè gba èlé lórí owó tí wọ́n bá yá nokri (Diutarónómì 23:20), wọ́n lè sin ín ní gbèsè lọ́dún tí wọ́n ń dárí gbèsè ji ara wọn (15:3), wọn kò sì gbọdọ̀ fi í jọba (17:15). Ger alára, wọ́n fún un ní ìsinmi ọjọ́ Sábáàtì, ìlú ààbò, ẹ̀tọ́ láti pèéṣẹ́ lóko olóko, àti ìpín nínú ìdámẹ́wàá ọdún kẹta. Ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ jẹ Ìrékọjá, ó ní láti kọlà fún gbogbo ọkùnrin ilé rẹ̀. Léfítíkù 25:45 tilẹ̀ gbà kí wọ́n ra ọmọ àwọn àtìpó lẹ́rú. Ẹsẹ yẹn korò, kò sì yẹ ká fò ó.

Síbẹ̀, orúkọ kì í há mọ́ èèyàn lára títí láé. Rúùtù ará Móábù pe ara rẹ̀ ní nokri níwájú Bóásì (Rúùtù 2:10). Bóásì jẹ́ kó pèéṣẹ́, ó kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, ó sì ní kí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fa ọkà yọ nínú ìtí sílẹ̀ fún un. Inú ìdílé obìnrin yìí ni Dáfídì ti jáde.

Ṣé Ísírẹ́lì pa òfin náà mọ́?

Kò fi gbogbo ìgbà pa á mọ́. Sólómọ́nì ka àwọn ger ilẹ̀ náà, wọ́n jẹ́ 153,600. Ó sọ 70,000 di aláàárù, 80,000 di agbẹ́kùúta lórí òkè, ó sì fi 3,600 ṣe alábòójútó wọn (Kíróníkà Kejì 2:17 sí 18).

Gíríìkì ńkọ́?

Nígbà tí àwọn Júù Íjíbítì bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ òfin Mósè sí Gíríìkì, ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Jésù, proselytos ni wọ́n fi rọ́pò ger níbi tó pọ̀ jù. Nígbà tó fi máa di ayé Jésù, ẹni tó gba ẹ̀sìn Júù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ (Mátíù 23:15). Ibẹ̀ ni àwọn kan ti rí i sọ pé ẹni tó gba ẹ̀sìn wa nìkan ló yẹ ká fẹ́ràn. Èyí kò lè dúró. Ìtumọ̀ Gíríìkì kan náà ní Léfítíkù 19:34 pe àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ní proselytos ní Íjíbítì, wọn kò sì gba ẹ̀sìn Íjíbítì.

Xenos ni àjèjì, òun náà sì ni olùgbàlejò: bí Róòmù 16:23 ṣe pe Gáyọ́sì nìyẹn. Paroikos àti parepidemos ni àtìpó àti èrò, orúkọ tí Pétérù fún àwọn onígbàgbọ́ fúnra wọn (Pétérù Kìíní 2:11). Allogenes, ẹni ẹ̀yà mìíràn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wà nínú Májẹ̀mú Tuntun: Jésù lò ó fún adẹ́tẹ̀ ará Samáríà tó padà wá dúpẹ́ (Lúùkù 17:18). Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n gbẹ́ sára òkúta ní tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù. Charles Clermont-Ganneau ló rí òkúta náà lọ́dún 1871, ó wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Istanbul báyìí. Ohun tó sọ ni pé kí allogenes kankan má ṣe kọjá ògiri yìí, ẹni tí wọ́n bá mú, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pa ara rẹ̀. Ẹni tí òkúta ní kó dúró síta ni Jésù yìn.

Irú àlejò wo ni Mátíù 25:35 ń sọ?

Xenos. Kò tún ṣàlàyé kankan kún un.

Kí ló kan àwa Yorùbá níbẹ̀?

Ó kàn wá níhà méjèèjì. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àjèjì tí kò ní pépà ní ọjọ́ 14 láti kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá tó ti pẹ́ níbẹ̀, títí kan àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, fi ṣọ́ọ̀bù àti gbèsè tí wọ́n ń retí sílẹ̀ wá sílé. Ní oṣù Kìíní 1983, ìjọba Shagari ní Nàìjíríà náà fún àwọn àjèjì tí kò ní pépà lọ́dọ̀ wa ní ọ̀sẹ̀ méjì láti lọ, àwọn ará Gánà ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Amẹ́ríkà láìní pépà. Ṣé wọ́n lè mú un ní ṣọ́ọ̀ṣì?

Ó ṣeé ṣe. Ní oṣù Kìíní 2025 ni ìjọba ibẹ̀ fagi lé ìlànà tí kì í jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ wọn sábà wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ mú èèyàn. Ní oṣù Kejì, adájọ́ kan ní Maryland dá èyí dúró, àmọ́ fún àwọn ìjọ tó pẹjọ́ nìkan. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má gbọ́kàn lé ẹsẹ Bíbélì kankan níwájú adájọ́. Lọ́yà tó níwèé àṣẹ, tó mọ òfin ìwọ̀lú, ni kí wọ́n wá. Kí wọ́n sì sá fún ẹni tó bá ní òun lè bá wọn "ṣe é" láìjẹ́ lọ́yà.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ọ̀rọ̀ tó wà nínú ẹsẹ kan nígbà tí oníwàásù bá kà á?

Ọ̀pọ̀ Bíbélì orí fóònù ló ní nọ́ńbà Strong, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fún ọ̀rọ̀ Hébérù àti Gíríìkì kọ̀ọ̀kan tó wà nínú Bíbélì. Ẹ tẹ àlejò tàbí àjèjì nínú ẹsẹ náà, kí ẹ wo nọ́ńbà tó jáde. Nínú Hébérù, ger ni 1616, toshav 8453, nokri 5237, zar 2114. Nínú Gíríìkì, xenos ni 3581, paroikos 3941, parepidemos 3927, proselytos 4339, allogenes 241.