Ilé ìtajà ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ní Amẹ́ríkà, 1945 sí 1990

Ilé ìtajà ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ni ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ akẹ́rù alábọ́ọ́dé àti èyí tó wúwo jù ú lọ, tí wọ́n ti ń ta sípíà páàtì wọn, tí wọ́n sì ti ń tún wọn ṣe. Ní Amẹ́ríkà, ìwọ̀n tí olùṣe fọwọ́ sí pé ọkọ̀ lè gbé, òun àti ẹrù papọ̀, ni wọ́n fi ń pín ọkọ̀ sí ipele 1 dé 8. Ipele 8 ni ti àwọn tó ju 33,000 pọ́ùn lọ, ìyẹn nǹkan bíi 15,000 kìlógíráàmù. Àwọn alábọ́ọ́dé wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ajé ni oníbàárà ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe, ọjọ́ tí ọkọ̀ bá sì dúró, owó dúró nìyẹn. Nítorí náà, láàrin ìparí Ogun Àgbáyé Kejì àti nǹkan bí ọdún 1990, tábìlì ìpaṣẹ ọkọ̀ (níbi tí oníbàárà ti ń yan irú ọkọ̀ tó fẹ́ kí wọ́n ṣe fún un), káńtà páàtì àti ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ló gbé okòwò yìí dúró ju ọkọ̀ tí wọ́n tò síta lọ.

Àwọn tó ń tà á

Ọ̀nà méjì ni ọkọ̀ ń gbà dé ọwọ́ oníbàárà: ẹ̀ka tí olùṣe fúnra rẹ̀ ṣí sí ìlú ńlá, àti oníṣòwò aládàáni tó tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú olùṣe. Mack àti International Harvester lo ọ̀nà méjèèjì. Àǹfààní International Harvester ni pé wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ oko láti 1902 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ ní 1907. Àwọn tó ń bá wọn ta katakata ti wà káàkiri ìgbèríko, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ń to ọkọ̀ akẹ́rù sẹ́gbẹ̀ẹ́ katakata. Ford àti Chevrolet ní tiwọn ń gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ta ọ̀pọ̀ ọkọ̀ alábọ́ọ́dé wọn.

Iléeṣẹ́ akẹ́rù Consolidated Freightways ló dá Freightliner, tó ń ṣe ọkọ̀, sílẹ̀, ṣùgbọ́n Freightliner kò ní ẹni tí yóò bá a tajà. Ní 1951, ó bá White Motor, olùṣe ọkọ̀ ní Cleveland, ṣe àdéhùn, àwọn oníṣòwò White sì ń ta ọkọ̀ náà lábẹ́ orúkọ White Freightliner. Nígbà tí àdéhùn náà parí ní 1977, Freightliner ní láti kó oníṣòwò tirẹ̀ jọ. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1956 ti fún oníṣòwò láyè láti pe olùṣe lẹ́jọ́ bí kò bá fi òótọ́ inú bá a lò lórí àdéhùn.

Ìpaṣẹ ọkọ̀

Ọ̀pọ̀ oníbàárà ipele 8 kì í wá mú ọkọ̀ tó wà nílẹ̀. Ṣe ni wọ́n ń wọ̀n ọkọ̀ fún wọn, bí ìgbà tí ènìyàn lọ rán aṣọ lọ́dọ̀ télọ̀. Kenworth àti Peterbilt, tí iléeṣẹ́ Pacific Car and Foundry rà ní 1945 àti 1958, gba orúkọ nídìí irú iṣẹ́ yìí. Oníbàárà lè yan ẹ́ńjìnnì Cummins, Caterpillar tàbí Detroit Diesel, kí ó fi jíà Fuller tàbí Spicer sí i, kí ó sì yan axle (ọ̀pá tó gbé táyà) Rockwell tàbí Eaton. Mack yàtọ̀ díẹ̀, nítorí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ṣe ẹ́ńjìnnì, jíà àti axle.

Olùtajà tó mọṣẹ́ kì í kọ́kọ́ dárúkọ owó. Yóò béèrè irú ẹrù tí ọkọ̀ máa gbé, bí ọ̀nà ṣe gun òkè tó, ìpínlẹ̀ tí yóò gbà kọjá àti eré tí awakọ̀ máa sá. Lẹ́yìn náà ni yóò ṣí ìwé ńlá tí olùṣe fi ránṣẹ́, tí páàtì kọ̀ọ̀kan ní kóòdù tirẹ̀ nínú, yóò sì mú pẹ́ńsùlù. Ẹ jẹ́ ká wo táyà tó ń yí ní ìgbà 500 nínú máìlì kan. Bí ọkọ̀ bá ń sá 60 máìlì ní wákàtí, táyà ń yí ní ìgbà 500 ní ìṣẹ́jú kan. Bí jíà inú axle ẹ̀yìn bá jẹ́ 4.11, ìyẹn ìgbà 4.11 tí ẹ́ńjìnnì ń yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, tí jíà iwájú tí awakọ̀ ń yí kò dín in kù tàbí fi kún un, ẹ́ńjìnnì yóò máa yí ní ìgbà 2,055 ní ìṣẹ́jú, èyí tó súnmọ́ òpin agbára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ìgbà náà. Bí ó bá jẹ́ 3.70, yóò wálẹ̀ sí 1,850.

Ìṣirò kékeré yìí di ọ̀rọ̀ ńlá nígbà tí epo wọ́n ní 1973, tí òfin ìbẹ̀rẹ̀ 1974 sì fi eré sí 55 máìlì ní wákàtí ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní 55, jíà 3.70 kan náà mú ẹ́ńjìnnì wá sí nǹkan bíi 1,700, epo sì dínkù. Olùtajà tí kò bá lè ṣàlàyé èyí fún oníbàárà kò lè ta ọkọ̀ tó yẹ iṣẹ́ rẹ̀.

Òfin gígùn ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ń wọn ọkọ̀ àti tírélà papọ̀, nítorí náà wọ́n ń ra ọkọ̀ onímú pẹlẹbẹ, èyí tí orí rẹ̀ (ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí) wà lórí ẹ́ńjìnnì, kí tírélà lè gùn sí i. Òfin ìrìnnà tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1983 mú òpin gígùn àpapọ̀ náà kúrò lórí àwọn òpópónà ìjọba àpapọ̀. Ọkọ̀ onímú gígùn padà gbayì, owó ọkọ̀ onímú pẹlẹbẹ lágbàlá àwọn tó ń ta àlòkù sì já wálẹ̀.

Àwọn ọkọ̀ alábọ́ọ́dé sábà máa ń dé pẹ̀lú orí àti ṣáásí nìkan. Oníṣòwò ló ń bá oníṣẹ́ bọ́dì sọ̀rọ̀ kí wọ́n gbé àpótí ẹrù, táǹkì tàbí típà tó ń kó yẹ̀pẹ̀ lé e.

Káńtà páàtì àti ṣọ́ọ̀bù

Nítorí pé ọkọ̀ méjì tó jọra lójú lè má ní ẹ́ńjìnnì, jíà tàbí bíréèkì kan náà, orúkọ ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀ kò tó fún ẹni tó wà ní káńtà. Ní International, ìwé kan ń tẹ̀lé ọkọ̀ láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti tò ó, tí kóòdù gbogbo páàtì rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Wọ́n máa ń fi ẹ̀dà kan sínú ọkọ̀, òun sì ni káńtà kọ́kọ́ ń béèrè. Níbi tí kò bá sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi téèpù wọ̀n ọ́n. Fún bíréèkì ẹ̀yìn, dúró̩mù oní 16½ ínǹṣì tó fẹ̀ ní ínǹṣì 7 ló wọ́pọ̀. Ti iwájú sábà máa ń jẹ́ oní 15 ínǹṣì tó fẹ̀ ní ínǹṣì 4.

Ìwé kátálọ́ọ̀gì tó nípọn ni wọ́n tò sórí káńtà. Ní àwọn ọdún 1970, ọ̀pọ̀ ti ń lo fíìmù pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ wò, kí kọ̀ǹpútà tó dé. Àwọn tó pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà mọ nọ́ńbà ọgọ́rọ̀ọ̀rún páàtì lórí. Oníbàárà tó bá ra páàtì tí wọ́n tún ṣe, bíi ṣúù bíréèkì tàbí sítátà, yóò san owó ìdúró tí wọ́n máa dá padà nígbà tó bá mú àlòkù rẹ̀ wá.

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ń ṣiṣẹ́ lóru, nítorí ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù lọ́sàn-án, òru nìkan ló ráyè. Ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì ló sábà máa ń dúró fún gárántì rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ṣe ọkọ̀, oníṣòwò sì lè ní láti darí oníbàárà sọ́dọ̀ aṣojú Cummins.

Ìwọ̀n tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ ara wọn wò ni bóyá èrè káńtà àti ṣọ́ọ̀bù tó láti gbé gbogbo ìnáwó ilé iṣẹ́, láìka èrè orí ọkọ̀. Ẹni tó bá dé 100% lè fara da ọdún tí ọkọ̀ kò tà.

Owó

Báńkì tàbí ẹ̀ka ìnáwó olùṣe ló sábà ń sanwó ọkọ̀ tó wà nílẹ̀. Oníṣòwò ń san èlé títí yóò fi tà. Títí di 1983, owó orí ìjọba àpapọ̀ 10% wà lórí iye tí olùṣe tà á. Òfin 1983 náà sọ ọ́ di 12% lórí iye tí oníbàárà san, ó sì yọ ọkọ̀ tí kò ju 33,000 pọ́ùn lọ kúrò, gbígba owó náà sì wá bọ́ sọ́rùn oníṣòwò.

Àwọn ìyípadà

Ìlànà bíréèkì afẹ́fẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, nọ́ńbà 121, bẹ̀rẹ̀ lórí ọkọ̀ akẹ́rù ní oṣù Ẹrẹ́nà 1975. Ó mú ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há wá sí ṣọ́ọ̀bù tí kò tíì mọ̀ ọ́n tún ṣe, títí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fi wọ́gi lé apá yẹn ní 1978 nínú ẹjọ́ tí PACCAR, orúkọ tuntun Pacific Car and Foundry, pè. Òfin 1980 tú ìdè ìjọba lórí iṣẹ́ akẹ́rù, àwọn onílé-iṣẹ́ akẹ́rù tuntun sì pọ̀ sí i.

Ọdún náà gan-an ni White wọ gbèsè, Volvo sì ra èyí tó pọ̀ jù nínú dúkìá rẹ̀ ní 1981, ọdún tí Daimler-Benz ra Freightliner. International Harvester ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ ní Fort Wayne ní 1983, ó ta ẹ̀ka ẹ̀rọ oko rẹ̀, ó sì di Navistar ní 1986. Bí wọ́n ṣe ta ẹ̀ka oko náà, ìdí tí katakata àti ọkọ̀ akẹ́rù fi ń gbé agbàlá kan náà parẹ́ fún oníṣòwò ìgbèríko.