Console exclusive: kí ló dé tí géèmù kan kì í wà lórí gbogbo ẹ̀rọ?

Ní Ọjà Olúwo, Ẹ̀pẹ́, bí alájàpá bá ti fún apẹja lówó àwọ̀n àti ẹ́ńjìnnì ṣáájú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ni ẹja náà máa ń gbà títí owó á fi pé. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń wà nídìí console exclusive, ìyẹn géèmù tó wà lórí PlayStation nìkan, tàbí Xbox nìkan, tàbí Nintendo nìkan.

Géèmù ńlá lè gba ọdún mẹ́rin. Gbogbo àsìkò yẹn ni òṣìṣẹ́ ń gba owó oṣù, kọ́bọ̀ kan kò sì tíì wọlé. Bí ẹni tó ni ẹ̀rọ bá ní òun á gbé owó náà, ta ló máa kọ̀ ọ́? Bí Nintendo ṣe gbé owó géèmù Bayonetta 2 nìyẹn, tó fi jáde lórí Wii U, ẹ̀rọ Nintendo, lọ́dún 2014. Èrè náà kò mọ sórí géèmù kan yẹn: ẹni tó torí rẹ̀ ra ẹ̀rọ á tún ra géèmù mìíràn, ẹni tó ni ẹ̀rọ á sì máa yọ nǹkan bí 30 nínú 100 lórí ohun tí ilé-iṣẹ́ mìíràn bá tà níbẹ̀.

Àdéhùn míì ní gbèdéke: géèmù Rise of the Tomb Raider jáde lórí Xbox ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, oṣù kẹwàá ọdún 2016 ló tó dé PS4 (PlayStation 4). Nígbà míì, wọ́n á kúkú ra ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe géèmù pátá, bí Sony tó ni PlayStation ṣe ra Insomniac Games ní mílíọ̀nù 229 dọ́là lọ́dún 2019. Apẹja ti di ará ilé alájàpá nìyẹn.

Iṣẹ́ ṣíṣe géèmù pàápàá máa ń rọrùn lórí ẹ̀rọ kan. Bí ẹ̀rọ bá pọ̀, èyí tí agbára rẹ̀ kéré jù ló ń fa ìyókù sẹ́yìn. Géèmù Baldur's Gate 3 dé PS5 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ó di oṣù kejìlá kó tó dé Xbox, torí pé eré ẹni méjì lórí tẹlifíṣàn kan kò gbà nínú Xbox Series S, tí memory rẹ̀ (àyè tí géèmù fi ń ṣiṣẹ́) jẹ́ 10 gígábáìtì. 16 ni ti Series X, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó lágbára jù ú lọ.

Àmọ́ bí ẹ̀rọ kò bá tà, géèmù á bá a rì. Wii U tí wọ́n tà kò pé mílíọ̀nù 14. Ọdún 2018 tí Bayonetta 2 dé Switch, ẹ̀rọ Nintendo tó tẹ̀ lé Wii U, ni ọ̀pọ̀ èèyàn tó rí i ṣe.

Ìwọ tó fẹ́ ra tòkunbọ̀, bó bá jẹ́ torí bọ́ọ̀lù ni, EA Sports FC wà lórí gbogbo wọn, ra èyí tápò rẹ ká. Bó bá jẹ́ Zelda, géèmù Nintendo fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ Nintendo ni kó o wá.