Igbó kì í ṣe oríṣi kan: sativa, indica, ruderalis àti hẹ́ǹpù

Orúkọ kan náà ni gbogbo wa ń pè é ní Ìbàdàn: igbó. Ẹni tó ń mu ún, agbófinró tó ń wá a kiri, ìyá tó ń bá ọmọ rẹ̀ jà nítorí rẹ̀, igbó ni wọ́n ń wí. Àwọn tó mọ ewéko yìí dáadáa ń pín in lọ́nà méjì: wọ́n lè wo ìrísí rẹ̀, wọ́n sì lè wo ohun tó wà nínú oje rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìrísí sọ ohun tó wà nínú oje ló máa ń ṣì í.

Ká kọ́kọ́ mú ìrísí. Lọ́dún 1753, Linnaeus, onímọ̀ ewéko ọmọ ilẹ̀ Sweden, sọ ọ́ ní Cannabis sativa. Èyí tí wọ́n ń fi ṣe okùn àti aṣọ ní Yúróòpù ló mọ̀. Lọ́dún 1785, Lamarck ti ilẹ̀ Faransé rí èyí tí wọ́n kó wá láti Íńdíà, ó ní irú mìíràn nìyí, ó pè é ní Cannabis indica. Janischewsky ti Rọ́ṣíà fi ẹ̀kẹta, ruderalis, kún un lọ́dún 1924.

Èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní sativa lónìí máa ń ga tó mítà 3 sí 4, ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀ka rẹ̀ sì jìnnà síra. Irú èyí ló wọ́pọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. Èyí tí wọ́n ń pè ní indica kúrú, mítà 1 sí 2, ó ki, ewé rẹ̀ fẹ̀, ó sì dúdú mìnìjọ̀. Agbègbè òkè Afghanistan àti Pakistan ló ti wá. (Ewé tẹ́ẹ́rẹ́ ni èyí tí Lamarck rí ní, o. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni orúkọ náà ṣí lọ bá ti ewé fífẹ̀.) Ruderalis ni kékeré inú wọn, sẹ̀ǹtímítà 30 sí 60. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé ọjọ́ orí ló fi ń yọ òdòdó, nígbà tó bá tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Kò dúró de gígùn òru bí àwọn tó kù.

Gígùn òru yìí ṣe pàtàkì ju bí a ṣe rò lọ. Ọ̀pọ̀ hẹ́ǹpù Yúróòpù, tí wọ́n ń gbìn fún okùn, kò ní yọ òdòdó títí ojúmọmọ yóò fi dín sí nǹkan bíi wákàtí 14. Ní Ìbàdàn, ọjọ́ tó gùn jù lọ nínú oṣù kẹfà kò ju nǹkan bíi wákàtí 12 ààbọ̀ lọ. Tí irúgbìn bẹ́ẹ̀ bá hù níbí, ojú ọ̀run ti sọ fún un pé ìgbà òdòdó ti dé. Yóò yọ òdòdó nígbà tí kò tíì ga, okùn tó wà lára rẹ̀ kò sì ní tó nǹkan.

Akọ àti abo wà nínú wọn pẹ̀lú, bíi ti ìbẹ́pẹ. Akọ ń da lẹ́búlẹ́bú sínú afẹ́fẹ́, ó sì ń tètè gbẹ. Ara òdòdó abo ni irun tín-tìn-tín tó ń sun oje tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ pọ̀ sí jù lọ. Inú oje yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ohun méjì tó gbajúmọ̀ jù níbẹ̀ ni THC àti CBD. THC ló ń yí èèyàn lórí. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà, Gaoni àti Mechoulam, ló fi bó ṣe rí gan-an hàn ní Ísírẹ́lì lọ́dún 1964. CBD kì í yí èèyàn lórí. Ohun ìpìlẹ̀ kan náà, CBGA, ni ewéko náà fi ń ṣe méjèèjì, bí ẹ̀gẹ́ kan náà ṣe lè di gàrí tàbí láfún. Jíìnì tí ewéko jogún ló ń pinnu èyí tí yóò ṣe. Nítorí náà, oríṣi mẹ́ta ni láàbù ń kà: èyí tí THC pọ̀ nínú rẹ̀, èyí tí méjèèjì jọ wà, àti èyí tí CBD pọ̀ nínú rẹ̀. Ewé fífẹ̀ lè wà nínú èyíkéyìí wọn, ewé tẹ́ẹ́rẹ́ náà lè wà. Wọ́n ti da irúgbìn wọn pọ̀ mọ́ra tipẹ́, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá ní "indica ń mú oorun wá, sativa ń ta ni jí" ń sọ ọ̀rọ̀ ọjà lásán ni.

Hẹ́ǹpù ńkọ́? Kì í ṣe ewéko mìíràn. Cannabis náà ni, àmọ́ THC inú rẹ̀ kéré. Lọ́dún 1976, àwọn onímọ̀ ewéko, Small àti Cronquist, fi THC 0.3% ṣe ààlà, àwọn fúnra wọn sì sọ pé àwọn kàn yan iye yẹn ni. Òfin Amẹ́ríkà gbà á fún hẹ́ǹpù lọ́dún 2018. Wàhálà àgbẹ̀ ibẹ̀ ni pé ewéko tó ń ṣe CBD kì í ṣàì ṣe THC díẹ̀, nǹkan bíi THC 1 sí CBD 20. Tí CBD bá wọ 8%, THC ti di 0.4%, oko ti kọjá òfin. Àgbẹ̀ tó bá pẹ́ kó tó kórè ló sábà máa ń kó sí i.

Tiwa kò ní ààlà bẹ́ẹ̀. Òfin Indian Hemp ti 1966 kò ya hẹ́ǹpù sọ́tọ̀. Gbogbo ewéko ìdílé Cannabis ló kà sí ọ̀kan. "Kolorádò" tí àwọn ọmọ àdúgbò ń pè kì í ṣe oríṣi igbó rárá: kẹ́míkà tí èèyàn pò ni wọ́n ń fọ́n sára ewé gbígbẹ, ó sì léwu ju igbó lọ.

Èyí tí wọ́n sì ń fẹ̀sùn kàn láìṣẹ̀ ni kẹ́náàfù, tí IAR&T, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Moor Plantation, ń ṣèwádìí lé lórí fún okùn àti àpò. Ẹbí ìṣápá ni, kò bá igbó tan. Ewé rẹ̀ lè pín bíi ti igbó, ṣùgbọ́n ẹ wo ìdí ewé: ti kẹ́náàfù so pọ̀ níbẹ̀, ti igbó pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ títí dé orí ọ̀pá ewé. Ẹ fọwọ́ run ún: kẹ́náàfù kò ní oje tó ń lẹ̀ tàbí òórùn igbó. Tó bá sì ti tanná, òdòdó ńlá aláwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́ tí àárín rẹ̀ pọ́n dúdú ni yóò yọ, bíi ti ìṣápá. Ti igbó kéré, àwọ̀ ewé ló ní, ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lè má mọ̀ pé òdòdó ni.