Bí wọ́n ṣe ń to ijó ìyìn kó tó dé iwájú pẹpẹ

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ijó ìyìn, rárá o, etí ni. Ẹni tó ń to ijó á yan orin, á gbọ́ ọ léraléra láì mira, á kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ sílẹ̀, á wá sàmì síbi tí ègbè ti wọlé, ibi tí ohùn ti rọlẹ̀ àti ibi tí ìlù nìkan ti ń dún. Tó bá ti ju ìṣẹ́jú 5 lọ kí wọ́n gé e, torí àwọn tó ń jó á ti máa mí gúlegúle.

Ó wá kan kíkà, ìyẹn kí wọ́n máa ka bí ìlù orin ṣe ń lọ. 1 dé 8 ni wọ́n ń kà, wọ́n á tún padà sí 1. Ọ̀rọ̀ orin ló ń sọ ohun tí ara máa ṣe, bí orin bá ní "mo wólẹ̀", orúnkún á kanlẹ̀. Àmọ́ tí wọ́n bá ń fọwọ́ kan ojú torí orin ní ojú, tí wọ́n tún ń fa etí torí orin ní etí, ó ti di tàwọn ọmọ Sunday school nìyẹn, ọ̀rọ̀ kan nínú ìlà kan ti tó.

Ibi tó le gan-an ni ìlù. Tráàkì, ìyẹn orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀, kì í yí padà, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì l'Abẹ́òkúta onígángan wà ńbẹ̀, ẹni yẹn ò sì mọ 8 ẹnikẹ́ni, tí inú ìjọ bá ti dùn báyìí á fa ègbè gùn, ẹsẹ̀ tí wọ́n kọ́ á tán, wọ́n á wá máa wo ojú ara wọn. Wọ́n máa ń ní ẹsẹ̀ ìdúró kan nítorí ẹ̀, sọ́tùn-ún sósì lásán, títí tí ẹni iwájú á fi na ọwọ́ sókè ní 5, onígángan á pa ìlù dà, gbogbo wọn á yí ní 1.

Ní ti bí wọ́n ṣe máa tò, kékeré síwájú, gíga sẹ́yìn, ìyẹn ò le.

Aṣọ náà lẹ́jọ́ o, ṣebí lórí aṣọ ni Míkálì ṣe bá Dáfídì ọkọ ẹ̀ jà nínú 2 Sámúẹ́lì 6, ó ní Dáfídì bọ́ra sílẹ̀ lójú àwọn ìránṣẹ́bìnrin. Ṣòkòtò máa ń wà lábẹ́ gáànù. Àdìrẹ tuntun láti ọjà Ìtòkú sì máa ń ṣí tí òógùn bá kàn án, aró á gba gbogbo síngílẹ́ẹ̀tì funfun, ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí wọ́n ti fọ̀ ọ́.

Rìhásà ìkẹyìn, inú ṣọ́ọ̀ṣì gangan ni, tàwọn ti aṣọ tí wọ́n máa wọ̀, torí táìsì iwájú pẹpẹ máa ń yọ̀, wáyà máíkì sì wà nílẹ̀.